Ohun Tó Kù ní Ìparí Téèpù

Bí ẹ bá bi bàbá mi léèrè irú iṣẹ́ tó ṣe láyé, kò ní sọ fún yín pé ọkọ̀ ìjọba lòun wà títí òun fi fẹ̀yìn tì. Olórin ni yóò pe ara rẹ̀. Àwo mélòó ló ṣe? Ẹyọ kan. Orin kan lójú, orin kan lẹ́yìn, ó parí. Láti orí ẹyọ kan yẹn ló ti ń jẹ́ olórin bọ̀ kí n tó gbọ́njú. Bó bá sì ti mu bíà díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, yóò dìde láàárín pálọ̀ wa ní Ìkòsì, yóò fọwọ́ di etí kan, yóò sì ké "béébì" bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.

Mo mọ̀ pé "ó" ni mo ń kọ fún bàbá mi, n kò kọ "wọ́n". Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí nítorí rẹ̀, kó ní sùúrù kó kà á dé ìparí.

Orin sóòlù ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́dọ̀ọ́, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wọ Èkó láti orí rédíò, ó gba àwọn ọ̀dọ́ lọ́kàn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Wọ́n ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ Yorùbá, wọ́n dá irun sí bí igbó, wọ́n ń fi ṣòkòtò bọ́ńgò gbálẹ̀ kiri Kétu. Ọkùnrin Ẹ̀gbá kan tó ń ta pákó ló fi èrè pákó rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún wọn, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lójú ọ̀nà Ìkòsì. Kò pẹ́ lórí eré. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ń ná an fún olórin jùjú tó ń kì wọ́n, ta ni yóò fowó ra ẹni tó ń sunkún lédè Gẹ̀ẹ́sì? Àwo díẹ̀ ni Onípákó tẹ̀ jáde kó tó padà sídìí pákó rẹ̀, wọ́n sì fi yàrá òkè yẹn ta bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá mi náà kọrin níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju èyí lọ: ó kọrin, ó bí mi, ó kú kí n tó mọ̀ ọ́n jókòó. Ìyá rẹ̀ ló gbé mi lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì tọ́ mi dàgbà. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, níbi tó ti fara ti ọkọ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á wò mí, wọ́n á ní, "Ojú ìyá ẹ nìyí, ìrìn ìyá ẹ nìyí, àfi ohùn." Ohùn tèmi ti há láti kékeré, àlùbọ́sà tí mo ń tà ní Mile 12 ló wá bá a jẹ́ tán, nítorí ẹni tí kò bá lè pariwo ju àwọn awakọ̀ òkè ọya àti àwọn alábàárù lọ, kó má ta àlùbọ́sà. Mo máa ń bi ìyá àgbà pé báwo ni ohùn ìyá mi ṣe rí. Wọ́n á ní ó dùn. Èmi á ní, ó dùn báwo? Wọ́n á ní, "Ó ṣáà dùn, kí lo tún fẹ́ kí n wí?" Títí wọ́n fi kú, wọn ò rí nǹkan mìíràn sọ sí i.

Orin ìyá mi kò dórí àwo. Wọ́n kọ ọ́ sínú téèpù, wọ́n ń dúró de owó tí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́, ikú sì dé. Bàbá mi sọ fún mi pé téèpù náà sọnù, mo sì gbà á gbọ́. Kí ló dé tí n kò ní gbà á gbọ́? Bàbá mi ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo gbọ́ kí ọmọ ẹlòmíràn pe ìyá rẹ̀ lọ́jà, kí ìyá náà dáhùn, tí kò dùn mí. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ mẹ́ta, mo ti di ẹni tí wọ́n ń pè ní Mummy, ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tó bá ní òun yóò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, n bá kó gbogbo àpò àlùbọ́sà mi fún un.

Ní àkókò tí gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé fóònù kiri, tí àwọn ọmọ Kétu ń sùn sí káfé kí wọ́n lè máa tẹ kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi nídìí àlùbọ́sà. Bàtà funfun ló wọ̀ wá sí Mile 12 nígbà òjò. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kò gbọ́n tó bó ṣe rò.

"Ẹ kú ọjà, Mummy," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ jẹ́ ọmọ Daddy kan tó kọrin sóòlù nígbà yẹn lọ́hùn-ún?"

"Kí ni bàbá mi tún ṣe?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan o. Òyìnbó kan ló ń wá wọn. Ó rí àwo wọn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lórí ẹ̀. Ó fẹ́ kó gbogbo orin tí company yẹn ṣe sínú CD kan, kó tà á worldwide."

Mo wò ó títí. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Alábàárù kan tó gbé àpò sórí ń kígbe pé ká kúrò lọ́nà, àwa méjèèjì sì dúró sínú ẹrọ̀fọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Mo pa ìsọ̀ dé, mo mú un lọ sílé.

Ẹ ò rí bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ti ń rojọ́ orúnkún láti ọdún tó kọjá fò dìde lórí àga. Ó pa irun orí rẹ̀ láró, ó lọ yọ kóòtù kan tí kòkòrò ti jẹ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ̀dọ́kùnrin náà sọ Gẹ̀ẹ́sì gba imú. Gbogbo ilé gbọ́. Lọ́jọ́ Sunday, ó dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ọlọ́run kò gbàgbé òun. Inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni èèyàn ń rí i kí ohun tí bàbá rẹ̀ ti ń lérí rẹ̀ di òótọ́.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní àwo tí òyìnbó ní lọ́wọ́ ti ha, pé téèpù tí wọ́n kọ orin sí gan-an lòun ń wá. Bàbá mi mú wa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Onípákó ní Kétu. Onípákó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ìyá náà ṣì wà, wọ́n ti darúgbó gan-an, ètè wọn ò sì wúwo rárá. Wọ́n ní ká lọ fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn téèpù ńláńlá tí wọ́n ká bí okùn ló wà nínú ẹ̀, kò sì kún ìdajì.

"Àwọn tó kù dà, Mama?" ọ̀dọ́kùnrin náà bèèrè.

"Àwọn tó ń dáko ìrẹsì létí odò lẹ́yìn ọjà ló wá tọrọ ẹ̀. Wọ́n máa ń ta á mọ́ igi kọjá lórí oko. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ ẹ, á máa hó yìn-ìn-ìn, ẹyẹ á sì sá."

Bàbá mi di orí mú. "Orin ta ni wọ́n kó lọ?"

"Ta ló mọ̀? Ẹyẹ ò bèèrè."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé téèpù kọ̀ọ̀kan jáde, orúkọ ìyá mi ni mo ń wá lára páálí rẹ̀. Ti bàbá mi wà níbẹ̀, ti àwọn mìíràn tí n kò mọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó tán, mo ní, "Mama, ti ìyá mi ńkọ́?"

Ìyá arúgbó náà gbójú sókè. Wọ́n wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo àjà ilé.

"Mo ti sọ fún ẹ pé ó sọnù," ni bàbá mi wí.

"Bàbá ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyá náà wí, wọ́n sì ní ká bá wọn ti páálí tó ṣófo náà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí láti bi wọ́n síwájú sí i lójú àlejò.

Ní Mẹ́ńdè ni ọkùnrin kan wà tó ti ṣiṣẹ́ rédíò rí, tó ṣì ní ẹ̀rọ tí ń lu irú téèpù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ náà tóbi tó àpótí ìgbéyàwó. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní ká kọ́kọ́ lu téèpù bàbá mi níbẹ̀, ká lè mọ̀ bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú ẹ̀ kó tó gbé e lọ sí London. Bàbá mi wọ kóòtù, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù. Ọkùnrin Mẹ́ńdè fi òwú nu orí ẹ̀rọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó so téèpù, ó tẹ nǹkan kan.

Orin náà dáa. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ orin játijàti ni, n bá rí nǹkan fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n jìtá ló kọ́kọ́ wọlé jẹ́jẹ́, fèrè tẹ̀ lé e, ohùn ọmọkùnrin kan tó ń bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó má lọ sì jáde, ohùn náà mọ́ gaara, ìrora inú ẹ̀ kì í ṣe àṣejù. N kò mọ ọmọkùnrin yẹn rí. Mo wo arúgbó onírun aró tó jókòó síwájú mi, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú tèmi náà. Mo ní lọ́kàn mi pé, ìyá mi ló ń bẹ̀ kó má lọ.

Orin parí. Ẹnì kan ń kan géètì, ọkùnrin Mẹ́ńdè jáde lọ ṣílẹ̀kùn, ọ̀dọ́kùnrin náà sì dìde, ó ń bọ bàbá mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó pa ẹ̀rọ náà. Téèpù ń yí lọ, ó ń hó ṣììì. Lẹ́yìn náà, ohùn obìnrin kan jáde láti àárín ọ̀rọ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn bá nínú ilé.

Ó ń kọrin. Ìparí orin ló kù, ìlà bíi mélòó kan péré. Ohùn náà kò ga bí mo ṣe máa ń fojú inú wò ó, ó nípọn, ó balẹ̀, kò kánjú. Ó fa ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lọ gígùn, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ìlù dúró. Ọmọ ọwọ́ kan figbe ta. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbé e fún mi jàre. Ó ti gbọ́ orin yó, kò tíì mu ọyàn yó." Ẹsẹ̀ ń rìn lórí pákó. Igbe ọmọ náà sún mọ́ tòsí. "Ó tó, ó tó, olóhùn gooro mi. Màmá rèé." Ọmọ náà dákẹ́ wẹ́lo.

Kó tó débẹ̀, bàbá mi ti fò dìde, ó ń fọwọ́ tẹ gbogbo bọ́tìnì ẹ̀rọ náà, kò mọ èyí tí wọ́n fi ń pa á. "Ẹ pa á! Ẹ pa nǹkan yìí!" Téèpù tán fúnra rẹ̀, orí rẹ̀ ń gbá ẹ̀rọ náà pẹ́pẹ́pẹ́.

"Ta nìyẹn?" mo ní.

Bàbá mi jókòó. "Ìyá ẹ ni."

Ọkùnrin Mẹ́ńdè wọlé padà, kò mọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún wa bí ẹni tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Ó ní téèpù wọ́n nígbà yẹn, òkè òkun ló ti ń wá, nítorí náà bí ilé-iṣẹ́ kékeré bá ti tẹ àwo tán, wọ́n á tún fi téèpù yẹn kọ orin ẹlòmíràn. Bí ẹ̀rọ ṣe ń kọ tuntun ló ń pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Bí orin tuntun kò bá gùn tó ti àkọ́kọ́, ìrù ti àkọ́kọ́ á ṣẹ́ kù sí ìparí. "Gbogbo wa la ṣe é," ó ní. "Kò sí ohun tó burú níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n wọn ò tíì tẹ ti ìyá mi jáde. Orí téèpù yẹn nìkan ló wà láyé.

Mo ní kí wọ́n tún un lù. Ọkùnrin náà ń ká téèpù padà lọ́wọ́ ni Nẹ́pà mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì ti bàjẹ́. A jókòó nínú ooru yẹn títí, iná kò dé. Fóònù mi kékeré oníná tọ́ọ̀ṣì kò lè gba ohùn sílẹ̀ bí iná bá tilẹ̀ dé. Mo di ọ̀dọ́kùnrin náà lọ́wọ́ mú.

"Ìparí yẹn," mo ní. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Ohùn obìnrin yẹn àti ohun tó sọ. Má jẹ́ kó sọnù."

"Mummy, ẹ má worry. Machine ti London dáa ju èyí lọ fíìfíì. Everything tó wà lórí téèpù yìí ló máa dé inú CD. No shaking."

Kò lè dúró de iná mọ́, ó kó téèpù sínú báàgì rẹ̀. Èmi ni mo bá a mú okùn báàgì náà so.

Nígbà tí a dé Ìkòsì, mo ti ilẹ̀kùn pálọ̀, mo ní kí bàbá mi sọ ọ́ fún mi.

"Téèpù ò sí," bàbá mi wí. "Onípákó ní kí n dúró títí òun á fi rówó ra òmíì. Orin mi ti wà nílẹ̀, àwọn tó ń lu jìtá fún mi ti fẹ́ máa lọ. Mo ní kó fún mi ní ti ìyá ẹ."

"Ẹ ò lè dúró ni?"

"Dúró de kí ni? Òkú kì í kọrin."

"Ẹ ò ronú kàn mí? Ẹ ò rò ó pé mo máa fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan?"

Bàbá mi gbójú sókè wò mí, ìyàlẹ́nu sì wà lójú rẹ̀ lóòótọ́. "Ìwọ? Ọmọ ọwọ́ ni ẹ́ nígbà yẹn, o rù hangogo. Ta ló mọ̀ pé wàá yè?"

Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo ti kó èyí nílẹ̀ títí, kò ṣeé kó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá mi wà lọ́jà, ó ń wá téèpù.

Mo padà lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó ní Kétu, èmi nìkan. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé mo máa padà wá. Wọ́n ní ọkọ àwọn bẹ bàbá mi pé kó fún òun lóṣù kan péré, nítorí nínú gbogbo àwọn tó gun àtẹ̀gùn yẹn wá kọrin, ìyá mi lòun gbọ́ tí òun gbàgbé pé pákó lòun ń tà. "Bàbá ẹ ní òun ò lè dúró. Ọkọ mi náà ò sì lágídí. Bó ṣe parí nìyẹn." Wọ́n gbé àkàrà sílẹ̀ fún mi. N kò lè jẹ ẹ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò fi ní kí wọ́n má ṣe CD náà mọ́. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n ìyá mi wà lẹ́yìn orin bàbá mi, kò sí ọ̀nà mìíràn tó lè gbà jáde tọ̀ mí wá. Nítorí náà èmi gan-an ni mo di alágbàṣe bàbá mi. Mo bá a wá fọ́tò tí òyìnbó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Mo mú un lọ sí káfé ní Kétu, mo jókòó tì í nígbà tí wọ́n ń bi í ní ìbéèrè láti London, mo ń gbọ́ bó ṣe ń parọ́ pé òun ṣeré káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè nípa ìyàwó rẹ̀, ó ní ó kú, ó ní ìbànújẹ́ rẹ̀ ló bí orin náà. Mo fẹ́ pariwo. Mo gbé e mì. Mò ń gbé oúnjẹ fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, n kò bá a sọ ju "Ẹ wá jẹun" lọ.

Mò ń pe ọ̀dọ́kùnrin náà lórí fóònù títí ó fi sú u. "Ìparí yẹn ńkọ́?" Ó máa ń ní, "Ó wà níbẹ̀, Mummy." Mo ń ra káàdì, mo ń pè. Ní Mile 12, bí omi bá lé ròrò sí mi lójú, àwọn oníbàárà mi á ní àlùbọ́sà ló ń pa mí lójú. Mi ò já wọn nírọ́. Mò ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ nínú ara mi ni, kí n má bàa gbàgbé bó ṣe wí i: ó ti gbọ́ orin yó, kò tíì mu ọyàn yó.

Nígbà ọyẹ́ ni CD náà dé. Bàbá mi ni wọ́n yà síwájú rẹ̀, pẹ̀lú irun kíkún àti bọ́ńgò. Wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀dọ́kùnrin náà sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ó jẹ́ ohun ìṣúra tí Áfíríkà fi pamọ́. Bàbá mi pe àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó pe àwọn aládùúgbò, ó ní kí n dín ṣinṣín, kí n ra mínírà. Mo dín in. Mo mú ọkọ̀ lọ gbé ìyá arúgbó láti Kétu. Mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ lọ sí ìsìn ìdúpẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìyá mi ni mò ń múra dè.

Orin bàbá mi ni wọ́n fi ṣáájú. Wọ́n gbé e sí i, ó dún gbọnmọgbọnmọ ju ti Mẹ́ńdè lọ, gbogbo èèyàn ń mi orí, àwọn ìyá ìjọ ń ṣọ́ ara wọn bóyá ó yẹ káwọn jó. Bí ó ti kù díẹ̀ kó parí, mo dìde, mo na ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ èyí tó ń bọ̀ yìí."

Wọ́n dákẹ́. Orin parí. Mo di apá àga mú. Ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ kọjá, jìtá ẹlòmíràn wọlé, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tirẹ̀.

Mo dá a padà. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tún dá a padà, àwọn èèyàn ti ń wojú ara wọn, bàbá mi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé orin òun ló wọ̀ mí lára. Ìyá arúgbó nìkan ló mọ̀. Wọ́n fi ìborùn bo ẹnu.

Mo jáde sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ilé, mo pe ọ̀dọ́kùnrin náà.

"Mummy! Congratulations o!"

"Ìparí orin bàbá mi dà?"

"Ìparí báwo, Mummy?"

"Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Áà, èyí tí ọmọ kan ń ké yẹn? Wọ́n ti yọ ọ́, wọ́n ti delete ẹ̀. Noise ni. Engineer yẹn try gan-an, ẹ ò gbọ́ bó ṣe clean?"

"Téèpù ńkọ́? Ẹ bá mi dá téèpù padà."

"Mummy, ó ti jẹrà. Bí wọ́n ṣe lù ú lẹ́ẹ̀kan báyìí, ó já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n ti dà á nù. But wọ́n ti gba orin Daddy sílẹ̀ kó tó já, kò sí wàhálà."

"Èmi ni ọmọ yẹn," mo ní.

Ó ní kí n má bínú, òun ò mọ̀, òun á bá òyìnbó sọ̀rọ̀. Mo pa fóònù. Kí ni òyìnbó fẹ́ ṣe? Mo dúró níbẹ̀ nínú ọyẹ́, mo gbìyànjú láti fi ohùn háháhá tèmi yìí kọ ìlà tí mo gbọ́ yẹn, bó ṣe fà á àti bó ṣe sọ ọ́ kalẹ̀. Kò jọ ọ́ rárá.

Bàbá mi jáde wá bá mi, kóòtù lọ́rùn, ṣinṣín lọ́wọ́. Ó wo ojú mi, ó wo fóònù.

"Kí ló ní?"

"Ó ní wọ́n ti gé èmi àti ìyá mi kúrò."

Bàbá mi jẹ ṣinṣín ẹnu rẹ̀ tán. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ nǹkan kan, mo sì dúró dè é. Mo ti ń dúró dè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

"Tèmi ńkọ́?" ó ní. "Wọn ò gé nǹkan kan nínú tèmi?"

"Rárá, sà," mo ní. "Tiyín pé. Ó mọ́ tónítóní."